Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ètò ààbò: Kí ẹ tó tún fọwọ́ sí owó ẹ̀rọ ogun tí wọ́n so pọ̀

Ẹ̀yin ọlọ́lá ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ààbò nílé aṣòfin, ní orílẹ̀-èdè yòówù tí ẹ bá ti ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìlà kan tó ń gùn sí i lọ́dọọdún nínú ìwé ìnáwó tí wọ́n ń gbé wá síwájú yín: owó tí wọn yóò fi so rádà, sátẹ́láìtì, dúróònù, rédíò sójà, mísáìlì àti kọ̀ǹpútà àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè pọ̀ mọ́ra, kí ohun tí ọ̀kan bá rí lè di ohun tí gbogbo wọn rí. Wọ́n á gbé e wá, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ní àṣírí ìlú ni, ẹ ó fọwọ́ sí i, ó tán. Àwa tí owó orí wa ń sanwó rẹ̀ kì í gbọ́ ju orúkọ ètò náà àti iye tó jẹ́ lọ. Nígbà mìíràn, a kì í gbọ́ iye náà pàápàá.

Mi ò bá yín jà nítorí àṣírí. Ta ló fẹ́ kí ẹ sọ ibi tí rádà wà fún ọ̀tá? Ẹ̀sùn mi ni pé ẹ kì í béèrè ohun tí ojú àwọn tó kọ́kọ́ ra irú ẹ̀rọ yìí ti rí, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kì í ṣe àṣírí mọ́. Ó wà nínú ìwé ìwádìí tí àwọn ìjọba fúnra wọn tẹ̀ jáde, ẹni tó bá mọ̀wé kà lè kà á. Bí ẹ bá ti kà á, tí ẹ tún ń fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, ẹ ṣẹ̀ wá. Bí ẹ kò bá kà á rárá, ẹ tún ṣẹ̀ wá.

Mo mọ ohun tí àwọn ọlọ́jà máa ń sọ fún yín. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òwe wa gan-an ni wọ́n ń pa: àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Rádà tó bá dá wà, ibi tí ojú rẹ̀ mọ ló mọ. Sójà tó bá dá rìn kò lè mọ ẹni tó ba sẹ́yìn òkè. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Láti oṣù kìíní ọdún 1998 tí Arthur Cebrowski, ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, àti John Garstka ti kọ èrò náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ogun ojú omi, ó ṣòro láti rí iléeṣẹ́ ológun ńlá kan tí kò máa lé e kiri. Ṣùgbọ́n ejò tó ń rìn pọ̀ lè bu ara wọn ṣán o. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ so ẹ̀rọ pọ̀, ẹ kò so àwọn tó ń lò ó pọ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1994, bàálù ogun F-15 méjì já hẹlikópítà Black Hawk méjì lulẹ̀ ní àríwá Ìráàkì. Amẹ́ríkà ló ni bàálù, Amẹ́ríkà náà ló ni hẹlikópítà. Èèyàn 26 ló wà nínú wọn, gbogbo wọn ló kú: ará Amẹ́ríkà, ará Gẹ̀ẹ́sì, ará Faransé, ará Tọ́kì, àti àwọn Kọ́dì. Ojúmọmọ ni. Kò sí ìjà kankan tó ń lọ lọ́wọ́ lójú sánmà. Bàálù AWACS, èyí tí wọ́n gbé rádà ńlá lé lẹ́yìn, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó wá ṣe ni láti máa sọ ẹni tó wà níbi kọ̀ọ̀kan fún gbogbo wọn, wà lókè lákòókò náà.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ ìdánimọ̀ wà lára hẹlikópítà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń lò jẹ́ ti ìta àgbègbè tí wọ́n ń ṣọ́ náà. Nọ́ńbà mìíràn ni wọ́n ń lò nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó là á yé wọn. Rédíò wà. Àmọ́ ìkànnì tí hẹlikópítà wà lórí rẹ̀ kọ́ ni F-15 wà, rédíò tuntun tí ọ̀tá kò lè tètè dí, tí F-15 ń lò, kò sì sí lára hẹlikópítà rárá. Àwọn inú AWACS ló lè dì wọ́n pọ̀. Awakọ̀ F-15 sọ fún wọn pé òun rí nǹkan lójú rádà. Èsì tó kọ́kọ́ gbà ni pé ibẹ̀ mọ́, àwọn ò rí nǹkan kan. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ó pè é ní hẹlikópítà Rọ́ṣíà, irú èyí tí Ìráàkì ń lò. Lẹ́yìn náà ó yin mísáìlì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dé iwájú ilé ẹjọ́ ológun lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Òkú 26, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ìyẹn ti pẹ́, ẹ wo ti ọdún 2003. Ní oṣù kẹta ọdún náà, nígbà ogun Ìráàkì, ẹ̀rọ Patriot ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ń já bàálù àti mísáìlì ọ̀tá lulẹ̀, yin mísáìlì lu bàálù Tornado ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń padà bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Àwọn méjèèjì inú rẹ̀ kú. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèwádìí, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ikọ̀ Patriot náà ṣì wà lójú ọ̀nà láti Amẹ́ríkà. Ikọ̀ mìíràn ló ń bá wọn ta àtaré ọ̀rọ̀ lórí rédíò. Mísáìlì ti dé ojú ogun, ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ yìn ín lù kò tíì dé. Bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Patriot tún pa awakọ̀ bàálù ogun Amẹ́ríkà kan.

Ẹ tún wo ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2020. Bàálù èrò ilẹ̀ Yúkíréènì gbéra ní Tehran, mísáìlì méjì láti ọwọ́ ọmọ ogun Íráànì bà á, èèyàn 176 kú. Àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Íráànì sọ nínú ìròyìn rẹ̀ pé wọ́n gbé ẹ̀rọ mísáìlì náà kúrò níbi tó wà láìtún rádà rẹ̀ kọ ojú síbi tó yẹ, pé ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì yìn ín láìgba èsì.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gágun bá dúró síwájú yín tó ń ka iye ẹ̀rọ tó so pọ̀, ẹ bi í léèrè ohun kan: bí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ bá já, kí ni ẹni tó wà nídìí mísáìlì gbọdọ̀ ṣe? Ṣé kó yìn ín, àbí kó dúró? Ìdáhùn náà gbọdọ̀ wà lákọsílẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kí ẹ sì kọ ipò ẹni tí yóò jẹ́jọ́ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ti Black Hawk má bàa tún wáyé, níbi tí gbogbo ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ tí kò sì sẹ́ni tó ni ọ̀rọ̀.

2. Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ kọ́ ló wà lójú sánmà.

Ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1988 ni ọkọ̀ ogun Vincennes ti Amẹ́ríkà já bàálù èrò Iran Air 655 lulẹ̀. Èèyàn 290 ló kú. Aegis, ètò rádà àti kọ̀ǹpútà tó ń darí mísáìlì ọkọ̀ náà, wà lára ẹ̀rọ ogun tó jáfáfá jù lọ láyé ìgbà yẹn. Àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi hàn lẹ́yìn náà pé bàálù náà ń gòkè; àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ń pariwo fún ọ̀gá wọn pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá àwọn.

Báwo nìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀? Àwọn tó tú u wò lẹ́yìn náà tọ́ka sí nọ́ńbà kan, 4474. Ọkọ̀ ogun méjì rí bàálù èrò kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú ọ̀kan, ó sọ 4474 di òfìfo, ó sì tún gbé 4474 fún bàálù ogun Amẹ́ríkà kan tó wà lọ́nà jíjìn. Àlàyé wọn ni pé ẹni tó bá tẹ 4474 lákòókò náà láti mọ ohun tí bàálù yẹn ń ṣe, ẹ̀rọ á sọ fún un pé ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, bàálù kan ń sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ yìn ín lù.

Irú èyí kò ní tán nítorí pé kọ̀ǹpútà òní yára ju ti ìgbà náà lọ. Aago inú Patriot tí wọ́n lò ní Dhahran ní Saudi Arabia ní ọdún 1991 ń ṣìṣe díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún wákàtí tí wọn kò pa á, ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi yà. Ìyẹn tó fún un láti wo ibi tí mísáìlì Scud tí Ìráàkì yìn kò sí. Sójà Amẹ́ríkà 28 kú ní ọjọ́ 25 oṣù kejì. Àwọn ará Ísírẹ́lì ti ta wọ́n lólobó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé àṣìṣe wà nínú ẹ̀rọ yìí bó bá ń ṣiṣẹ́ pẹ́. Sọ́fítíwíà tí wọ́n tún ṣe dé Dhahran ní ọjọ́ 26, ọjọ́ kejì ìkú wọn. Ohun tí mo ń béèrè níbí kò pọ̀: kí ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ẹ̀rọ ní ọ̀nà kan tó yára láti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń lo irú rẹ̀, kí ẹ sì fi gbèdéke sí iye ọjọ́ tí àtúnṣe gbọdọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

3. Ọ̀tá náà mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò.

Orí èyí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Ìbọn tó bá dá wà, àfi kí ọ̀tá rìn dé ìdí rẹ̀ kó tó lè bà á jẹ́. Èyí tí ẹ bá so mọ́ ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ mìíràn, ẹ ti la ẹgbẹ̀rún ọ̀nà wọ inú rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2009, ìròyìn jáde ní Amẹ́ríkà pé àwọn tí wọ́n ń bá jà ní Ìráàkì ti ń wo àwòrán tí dúróònù Predator ń fi ránṣẹ́ láti òkè. Sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe é kò ju dọ́là 26 lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò já àgádágodo kankan, nítorí kò sí àgádágodo níbẹ̀. Gbangba ni àwòrán náà ń gbà kọjá. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn aláṣẹ ti mọ̀ nípa àlébù yìí láti ìgbà ogun Bọ́sníà, wọ́n kàn gbà pé àwọn tí wọ́n ń bá jà kò ní ìmọ̀ tí wọn yóò fi lò ó ni. Ẹni tó bá ń gbèrò ogun, tó wá gbára lé e pé ọ̀tá òun gọ̀, kò yẹ kí ẹ fún un lówó.

Ẹ wá wo ohun tí GAO, iléeṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà, kọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 nípa àwọn ohun ìjà tuntun tó ní kọ̀ǹpútà nínú. Èèyàn méjì péré ni wọ́n ní kó gbìyànjú láti já wọ inú ọ̀kan. Wákàtí kan ni wọ́n fi wọlé, ọjọ́ kan ni wọ́n fi gba gbogbo àkóso rẹ̀. Níbòmíràn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni wọ́n fi mọ páásíwọ́ọ̀dù alákòóso. Àwọn mìíràn ń lo páásíwọ́ọ̀dù tó bá sọ́fítíwíà wá láti ilé iṣẹ́, kò sẹ́ni tó yí i padà. Ikọ̀ kan wọlé tán, wọ́n wá ń bá àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ṣeré: wọ́n gbé ọ̀rọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà wọn pé kí wọ́n sọ kọ́ìnì méjì sínú rẹ̀ kí iṣẹ́ lè máa lọ. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi, torí nínú ìròyìn kan náà, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ kan rí i pé ó ń ṣe ségesège nígbà tí wọ́n ń dán an wò, wọn kò fura, wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nínú àlébù 20 tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹ̀rọ kan, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tíì tún ṣe.

Ẹ gbọ́ o, Amẹ́ríkà nìyẹn, tó ní owó, tó sì tún ní GAO tó lè kọ irú èyí sí gbangba. Ta ló ń kọ tiyín?

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022, ní nǹkan bíi wákàtí kan kí àwọn sójà Rọ́ṣíà tó ya wọ Yúkíréènì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún móódẹ́ẹ̀mù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí sátẹ́láìtì KA-SAT ti iléeṣẹ́ Viasat kú lójijì. Àwọn ológun Yúkíréènì wà lára àwọn tó ń lò ó. Àwọn tó kọlù ú kò fọwọ́ kan sátẹ́láìtì tó wà lókè. Ibi ìdarí tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé, láti ẹnu ọ̀nà kan tí wọn kò ṣètò rẹ̀ dáadáa. Jámánì kò sí nínú ogun náà, síbẹ̀ ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná, 5,800, ló bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ wọn láti ọ̀nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aago ọwọ́ àwọn sójà. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn èèyàn ṣàkíyèsí pé àwòrán ilẹ̀ tí Strava, áàpù àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá, gbé jáde, tó ń fi ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré hàn, ti ya àwọn àgọ́ ológun jáde kedere nínú aṣálẹ̀. Sójà ló ń sáré ìdárayá yí ọgbà ká.

Bí ògún ẹni bá dáni lójú, à á fi gbárí ni. Mò ń béèrè pé kí ẹ̀rọ kankan má ṣe wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ogun láìjẹ́ pé àwọn tí kò bá ẹni tó tà á tan, tí kò sì bá ọ̀gá tó rà á tan, ti gbìyànjú láti fọ́ ọ. Kí wọ́n mú ìròyìn wọn wá fún ẹ̀yin tààrà, kó má gba ọ̀dọ̀ ọ̀gágun kọjá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n padà lọ wò bóyá wọ́n tún ohun tí wọ́n rí ṣe. Fún àwa ará ìlú, ẹ sọ iye àlébù tí wọ́n rí àti iye tí wọ́n ti dí. Kò sí ọ̀tá tí nọ́ńbà méjì yẹn máa ràn lọ́wọ́.

4. Owó.

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ní ọdún 2006, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ààbò abẹ́lé ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ fún Boeing pé kó ri òpó, kámẹ́rà àti rádà mọ́ ẹnubodè Mẹ́síkò, kí gbogbo rẹ̀ máa ròyìn sójú kọ̀ǹpútà kan náà. Nígbà tí wọ́n pa á tì ní oṣù kìíní ọdún 2011, ó ti jẹ nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là kan, máìlì 53 ní Arizona ló sì bò nínú ẹnubodè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 2,000. Ètò rédíò JTRS, tó yẹ kó jẹ́ kí ọmọ ogun ilẹ̀, ti omi àti ti òfurufú gbọ́ ara wọn, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997. Ní 2011 ni wọ́n pa èyí tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ orí ilẹ̀ tì. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà.

Ẹ pín owó náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ san ti àkọ́kọ́ nígbà tí sójà gidi bá lò ó nínú ẹrẹ̀ àti eruku tó sì ṣiṣẹ́, kó má jẹ́ nínú gbọ̀ngàn tí agbaṣẹ́ṣe ti gbé àga àti amúlétutù kalẹ̀ fún yín.

5. Nínú ilé.

Níbí, ẹ̀sùn mi lójú méjì, torí ìsopọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó níbì kan, ó sì ti pọ̀ jù níbòmíràn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn ọlọ́pàá New York tó wà nínú hẹlikópítà rí i láti òkè pé ilé gogoro ti àríwá ní World Trade Center fẹ́ wó. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò wọn. Rédíò àwọn panápaná tó wà nínú ilé náà yàtọ̀, ìkìlọ̀ náà kò dé etí wọn lọ́nà yẹn. Panápaná 343 ló bá ọjọ́ náà lọ. Ọdún 2012 ni òfin tó dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì FirstNet sílẹ̀ fún àwọn olùgbàlà tó jáde, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà. Bí owó bá wà fún síso nǹkan pọ̀, ọ̀dọ̀ panápaná, ọlọ́pàá àti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní dùn-ún wò bíi dúróònù nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa kẹ́yìn.

Ojú kejì ni pé ẹ̀rọ tó ti ojú ogun dé kì í tètè gbàgbé iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ní Baltimore, bàálù kan wà tó lè ya púpọ̀ nínú ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè, tí wọ́n á wá máa tẹ̀ lé ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà wá àti ibi tó gbà lọ. Ojú ogun Ìráàkì ni irú ìmọ̀ yẹn ti wá. Ní 2016, wọ́n gbé e fò láìsọ fún ará ìlú. Ní 2020 wọ́n tún gbé e fò, wọ́n sọ fún wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé ó tako òfin ilẹ̀ wọn láti máa wo ìrìn gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ni ẹ ń ṣòfin. Kí ló dé tí ẹ fi ń dúró de ilé ẹjọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó dé: ohun tí ológun fi ń wo ọ̀tá, kò gbọdọ̀ wo ọmọ ìlú láìsí àṣẹ adájọ́, àwòrán tí wọ́n bá sì yà gbọdọ̀ ní ọjọ́ tí wọn yóò pa á rẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé Hawaii, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kan. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2018, fóònù gbogbo ará erékùṣù náà dún pé mísáìlì ń bọ̀, pé kì í ṣe ìdánrawò. Kò sí mísáìlì níbì kankan. Ìṣẹ́jú 38 kọjá kí ọ̀rọ̀ tó dé sórí fóònù kan náà pé irọ́ ni. Wọ́n ti ṣètò ìkìlọ̀ sílẹ̀, wọn kò ṣètò bí wọn yóò ṣe fà á padà. Gómìnà wọn fẹ́ sọ ọ́ lórí Twitter, kò mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

6. Ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe.

Wọ́n ti ṣe é rí, kọ̀ǹpútà kò sì sí nígbà náà. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, Hugh Dowding tó ń darí àwọn bàálù ìjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so rádà etí òkun, àwọn aṣọ́nà tó ń fi ojú wo sánmà, àti wáyà tẹlifóònù pọ̀ mọ́ yàrá kan ní Bentley Priory, olú iléeṣẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá yẹn, èèyàn ló ń fi ìròyìn kan wé èkejì, tí wọ́n ń yọ èyí tí kò bára mu kúrò, kí àṣẹ tó jáde pé kí bàálù kan gbéra. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ètò náà kọ́kọ́ kùnà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n kéde ogun, ìkìlọ̀ èké kan mú kí bàálù ogun Spitfire ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já bàálù Hurricane méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà lulẹ̀, awakọ̀ kan sì kú. Kò sí bàálù Jámánì kankan lókè. Wọ́n tú ètò náà palẹ̀, wọ́n tún ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà wọlé ṣe, wọ́n yára so ẹ̀rọ ìdánimọ̀ mọ́ ara bàálù. Nígbà tí àwọn Jámánì wá dé lóòótọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, ètò náà dúró. Wọn kò pe àṣìṣe náà ní àṣírí ìlú kí wọ́n wá tì í mọ́ inú àpótí.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ìwé ìnáwó mìíràn ń bọ̀. Kó tó dé kíkà kejì, ẹ pe àwọn ọ̀gágun, ẹ ti ilẹ̀kùn bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbọ́ ohun gbogbo tí wọ́n bá ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde wá sọ nǹkan mẹ́rin fún wa: àṣẹ tó wà fún ẹni tó wà nídìí mísáìlì bí ọ̀nà bá já, ipò ẹni tí yóò jẹ́jọ́ bí ó bá ba ọ̀rẹ́ tàbí ará ìlú, iye àlébù tí àwọn tó dán an wò rí àti iye tí wọ́n ti dí, àti òfin tó de lílò rẹ̀ lórí àwa fúnra wa. Bí èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá ní ìdáhùn, ẹ dá owó náà dúró títí yóò fi ní. Gbangba ni mo ti kọ̀wé sí yín, gbangba náà ni mo ti ń retí èsì.

Emi ni tiyín,
Ẹnì kan lára àwọn tó ń san owó orí